Àga Àrán Nínú Yàrá Gíláàsì

Ogójì ọdún ni mo fi bú ike. Bí ẹ bá ti gba òpópónà wa kọjá rí, ẹ ó ti gbọ́ ohùn mi. Iṣẹ́ àga tìmùtìmù ni mò ń ṣe: màá kan igi, màá tẹ́ fóòmù lé e, màá fi aṣọ bò ó, màá sì fi ìṣó olórí pípọ́n yí etí rẹ̀ ká. Ní òdìkejì títì, ojúkojú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù mi, ni Baba Oníke ti ń ta àga ike àti àga onírin funfun tí kì í dógùn-ún, tí wọ́n fi okùn ọ̀rá hun. Ó máa ń tò wọ́n lérí ara wọn títí wọn ó fi ga ju ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ. Bí oníbàárà bá ti fẹ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀, màá pariwo láti ìhà tèmi pé, "Ẹ rọra o! Ẹni tó bá jókòó lé ìyẹn, kó má rẹ́rìn-ín, kó má baà bá ara rẹ̀ nílẹ̀!" Òun náà á dáhùn pé, "Ó kéré tán, ìdun kì í gbé inú tèmi." A ó jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò fi ṣeré. Mo kórìíra ike.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú. Aránṣọ ni. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ìyá wa kú, òun ló sì tọ́ mi dàgbà. Abẹ́ tábìlì ìránṣọ rẹ̀ ni mo ń sùn sí lọ́sàn-án. Ó ní ọ̀nà kan tó fi ń parí iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ á lọ síwájú lẹ́ẹ̀mejì, á padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, títí dé òpin, á wá ta kókó kékeré kan sí abẹ́ aṣọ níbi tí ojú kò ní tó o. "Bí o bá fẹ́ mọ aránṣọ gidi," ó máa ń sọ fún mi, "yí iṣẹ́ ẹ̀ padà, wo abẹ́ ẹ̀." Mo gbìyànjú títí, ọwọ́ mi ò gba kókó yẹn. Tèmi máa ń tóbi ṣáá.

Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí dà á láàmú lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ikọ́ á mú un, kò ní fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Dókítà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Èyí tó ti bàjẹ́ níbẹ̀ kò ní padà. Oṣù mélòó kan ló kù. Ẹ jẹ́ kó máa rí oòrùn, kó máa mí afẹ́fẹ́ tó gbẹ, kí ara lè tù ú." Ohun méjì ló sọ, ọ̀kan ni mo mú lọ sílé. Oòrùn ni mo gbọ́.

Oòrùn sì wà. Kí ọkọ rẹ̀ tó kú, ó kọ́ yàrá kan mọ́ iwájú ilé, gíláàsì lọ́nà mẹ́ta, gíláàsì lókè. Kò ráyè parí inú rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná nígbà òtútù, kò sí èyí tó ń lé omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ìlú wa sì rèé, iyọ̀ kì í gbẹ nínú agolo láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Láàárọ̀, omi á máa ṣàn wálẹ̀ lára gíláàsì náà láti inú, bíi pé yàrá ọ̀hún ń làágùn. Nígbà tí oòrùn bá ga, á mọ́lẹ̀ yòò, wàá sì rí títì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síbẹ̀ rí. Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀rọ náà dógùn-ún, kò lè yí mọ́.

Ohun tó fẹ́ kò pọ̀. Kó máa jókòó síbẹ̀ láràárọ̀, kó máa yá oòrùn, kó máa wo àwọn tó ń kọjá, kó sì máa rí èémí mí títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn gan-an. Kò bèèrè ìwòsàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Lọ bá mi ra àga kan lọ́dọ̀ Baba Oníke," ó ní. "Onírin funfun yẹn, tí wọ́n fi okùn hun. Tí afẹ́fẹ́ ń gba ìdí ẹ̀ kọjá."

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Kí ẹ̀gbọ́n tèmi wá jókòó lórí okùn ọ̀rá, nínú gíláàsì, ní gbangba, kí Baba Oníke máa kọjá, kó máa yọ eyín sí mi? Láéláé!"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Nígbà tó rọlẹ̀, ó nu ẹnu rẹ̀. "Yàrá yẹn ń rin. Ṣé o rí ẹ̀rọ mi? Irin ni o, ó sì jẹ ẹ́. Kí lo wá rò pé ó máa fi fóòmù ṣe?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ mi ni."

"Àṣejù, baba àṣetẹ́," ó ní.

"Ẹ ó kàn máa wò mí ni."

Mo mọ̀. Èyí ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Mo ti tú àga onílé tó wà létí odò rí, mo ti rí bí ọ̀rinrin ṣe ba fóòmù inú rẹ̀ jẹ́. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń rò ó. Pankẹ́rẹ́? Á hu nǹkan dúdú sí ojú ìhun rẹ̀ láàárín oṣù kan. Igi líle tí wọ́n fi òróró pa, láìsí tìmùtìmù? Ìyẹn ì bá dáa, ó sì máa pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti rù, eegun ni yóò fi jókòó. Irin funfun ló kù, irin funfun ni òun náà sì ti mú. Mo gbójú sókè, mo rí Baba Oníke lódìkejì tó ń fi omi ṣan ike rẹ̀, tó ń súfèé. Mo bá dìde, mo lọ gé àrán.

Àrán aláwọ̀ ewé ni, èyí tó dára jù lọ́wọ́ mi. Mo fi fóòmù tó nípọn ṣe ìdí rẹ̀, mo fi òmíràn ṣe ẹ̀yìn. Nítorí ọ̀rinrin, mo fi ọ̀rá we fóòmù náà yí po kí n tó bò ó, mo sì yin ara mi pé mo gbọ́n. Pé omi tó bá bá ojú abẹ́rẹ́ wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn, tàbí kí n sọ òótọ́, mi ò jẹ́ kó wá.

Ọjọ́ tí mo gbé e dé, ó fọwọ́ pa àrán náà lọ, ó pa á bọ̀. Ó wá tẹ̀ ba, díẹ̀díẹ̀, ó yí etí aṣọ ìsàlẹ̀ padà, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Kókó ẹ ṣì tóbi," ó ní.

Inú mi dùn débi pé mo sunkún díẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi jẹ ìgbádùn ọ̀hún. Láràárọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, màá gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Oòrùn á ti tàn sí àrán náà, á máa dán. Ẹ̀gbọ́n mi á juwọ́ sí mi láti inú, èmi náà á juwọ́. Àwọn ènìyàn ń kí i, wọ́n ń bi í ta ló ṣe àga. Baba Oníke gan-an dúró lọ́jọ́ kan, ó wò ó títí, ó ní, "O ṣe èyí dáadáa." Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín: láwọn àárọ̀ kan, àga yẹn ni mò ń wò.

Lẹ́yìn náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí le. A pààrọ̀ oògùn, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Fèrèsé ni mo dá lẹ́bi. Mo ní afẹ́fẹ́ tútù ló ń wọlé, mo sì fi rọ́bà dí gbogbo àlàfo etí gíláàsì. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí.

"Ó dáa," ó ní.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi aṣọ ìbora tẹ́ orí àga kó tó jókòó. Ó ní òtútù ń mú òun. Mo gbà á gbọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró létí títì bí mo ṣe máa ń ṣe, mo juwọ́, kò juwọ́ padà. Mo sáré wọlé. Ètè rẹ̀ ti yí padà, ọrùn rẹ̀ ń fà bí ó ṣe ń wá èémí. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n ti fi rọ́bà sí i nímú tán, dókítà bi mí pé, "Níbo ló máa ń jókòó sí?"

Mo sọ fún un.

"Lórí kí ni?"

Ẹ gbà mí o. Nínú ìdààmú yẹn náà, ìgbéraga kò jẹ́ kí n dákẹ́. Mo ṣàlàyé àrán náà fún un, mo ṣàlàyé bí fóòmù rẹ̀ ṣe nípọn tó. Dókítà gbọ́ mi títí mo fi parí.

"Ẹ lọ tú àga náà wò," ó ní.

Mo dé ilé, mo dojú àga bolẹ̀ nínú oòrùn, mo mú ọ̀bẹ jáde. Ibi tí mo máa ń pa dé gbẹ̀yìn, lẹ́yìn nísàlẹ̀, ni mo fẹ́ là. Ọwọ́ mi kọ̀ nígbà tí mo rí i. Iṣẹ́ mi kọ́ ló wà níbẹ̀. Síwájú lẹ́ẹ̀mejì, sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, síwájú lẹ́ẹ̀mejì, sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Mo yí etí aṣọ padà. Kókó náà kéré bí orí abẹ́rẹ́.

Mo là á. Òórùn tó jáde mú mi húkọ́, èmi tí ẹ̀dọ̀fóró mi le. Inú ọ̀rá náà kún fún omi, fóòmù ti dúdú láti etí dé àárín, nǹkan kan ti hù sí i lára bí irun. Ibì kan sì wà tí wọ́n ti gé èyí tó bàjẹ́ jù kúrò, tí wọ́n fi àkísà mímọ́ dí àyè rẹ̀. Mo mọ aṣọ náà. Ìró rẹ̀ àtijọ́ ni, olódòdó pupa.

Mo fa àkísà náà yọ, mo fi í sápò.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó lajú. Wọ́n ti gbé e sí yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri.

"Àǹtí, ẹ ti tú àga yẹn."

Ó mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn. "Ọ̀sẹ̀ kẹrin."

"Ẹ rí ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ wá rán an padà! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ojú ẹsẹ̀ ni ǹ bá ti gbé e jù nù!"

"O máa ń dúró síta láàárọ̀," ó ní. Ọ̀rọ̀ náà ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "O máa ń wò ó. Èmi ni mo kọ́ ẹ níṣẹ́. Ṣé èmi ni màá wá sọ pé iṣẹ́ ẹ bàjẹ́?"

Mo wo ògiri tó wà lójú fèrèsé náà.

"Mo rò pé màá ti lọ kí o tó mọ̀," ó ní.

Ó wá fọwọ́ wá ọwọ́ mi lórí ibùsùn, ó di ìka mi mú, bó ṣe máa ń dì í mú nígbà tí abẹ́rẹ́ bá gún mi ní kékeré. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé òun fẹ́ sùn.

Mo gba ọ̀dọ̀ Baba Oníke lọ lọ́jọ́ kejì. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀fẹ̀ tó máa ṣe. Gbèsè ẹ̀fẹ̀ ogójì ọdún ni mo jẹ ẹ́. Mo ní, "Onírin funfun, tí wọ́n fi okùn hun." Ó wo ojú mi, kò yọ eyín. Ó gun orí àpótí, ó sọ èyí tó wà lókè pátápátá kalẹ̀, ó nù ún, ó gbé e lé mi lórí fúnra rẹ̀. Mo rù ú la àárín títì kọjá níṣojú gbogbo ènìyàn. Mo tú gbogbo rọ́bà kúrò létí fèrèsé, mo ṣí wọn sílẹ̀ gbayawu, mo gbé àga sí ibi tí oòrùn ti ń kọ́kọ́ tàn sí. Mo wá lọ bi dókítà pé ọjọ́ wo ni mo lè gbé e wálé.

Dókítà ní kí n kàn máa jókòó tì í. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí a gbé e dé ilé ìwòsàn ló kú, níbi tó ti kọjú sí ògiri.

Mo ṣì ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Omi á ti ṣàn wálẹ̀ lára gíláàsì, yóò ti kán sórí àga náà. Màá mú àkísà olódòdó pupa yẹn, tí mo ti fọ̀ mọ́, màá nù ún lẹ́ẹ̀kan péré. Lójú ẹsẹ̀, ó ti gbẹ.