Ìbéèrè Tí Ẹ̀gbọ́n Fẹ́ Bi Àbúrò

Owú kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, níbi tí Ìyá Ìbéèrè ti ń jẹun lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ni ó wọlé tọ̀ ọ́ láti inú fóònù.

Ìyá Ìbéèrè ni gbogbo aṣòfin ń pe obìnrin náà, nítorí kò sí mínísítà tó lè wá sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kí ó má fi ìbéèrè gbọ̀n ọ́n bí ẹní gbọn igi èso. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn àga wọn lọ. Nígbà tí ìjọba tuntun dé, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò jẹ mínísítà ètò ìlera, àwọn ènìyàn ti ń kí i kú oríire sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, tí ó sì gbọ́ ohùn Olórí Ìjọba fúnra rẹ̀, ó dìde nídìí oúnjẹ, ó nu ọwọ́, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ tò bí ẹni pé wọ́n ń rí i.

"Ẹ kú ìsinmi, sà," ni ó wí.

"Ẹ kú ìsinmi, mà. Ẹ má bínú o, a ti ń pe àbúrò yín láti àárọ̀, fóònù wọn ò wọlé. Ṣé wọ́n wà nítòsí?"

Àbúrò rẹ̀ jókòó nídìí oúnjẹ kan náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi gbé fóònù, tòun ti oyè, fún un.

Kékeré ni wọ́n ń pe àbúrò yìí nílé láti ìgbà tí ó ti ń rákòrò. Ìyá Ìbéèrè ló pọ̀n ọ́n, òun ló kọ́ ọ ní á-bí-dí, òun náà ló sì kọ́ ọ bí a ti ń dúró sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ láìgbọ̀n. Nísinsìnyí Kékeré ti di Mínísítà. Ọkọ̀ dúdú ń gbé e kiri, ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń tì í. Bí Màmá bá ń gbàdúrà fún wọn lórí fóònù, á ní, "Olúwa, ṣọ́ Mínísítà mi. Kí o sì rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀." Kí o sì rántí! Bí ẹni pé Ọlọ́run ti fẹ́ gbàgbé òun! Ìyá Ìbéèrè á ṣe àmín, ṣùgbọ́n àmín náà á máa ta á lọ́fun bí ata gbígbẹ.

Kò pẹ́ sí i tí ìjọba kéde pé àwọn yóò ti àwọn ilé ìgbẹ̀bí kéékèèké pa, kí gbogbo aboyún máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà láàárín ìlú. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ìgbẹ̀bí náà wà ní òdìkejì odò, ní àdúgbò tí Ìyá Ìbéèrè ń ṣojú fún. Ilé kékeré ni, ògiri rẹ̀ funfun, bẹ́ǹṣì gígùn kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tí ìdí àwọn aboyún ti fi dán. Bí wọ́n bá tì í pa, ọkọ̀ ojú omi ni aboyún á máa dúró dè, ọmọ tó ń bọ̀ kì í sì í dúró de ọkọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tì í láti fi dán ètò wọn wò, obìnrin kan bímọ sórí pákó èbúté, láàárín àwọn àpò sìmẹ́ńtì. Ìyá Ìbéèrè fúnra rẹ̀ ló sáré dé ibẹ̀, tó di ìka ọmọ náà mú.

Ìyá Ìbéèrè kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí Ilé: kí ló dé, ta ló sì pinnu rẹ̀? Ìbéèrè òdodo ni, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó tọ́jú òmíràn sí abẹ́ rẹ̀, bí ẹni tọ́jú ọ̀bẹ sínú búrẹ́dì.

Nínú Ilé yẹn, mínísítà á ti rí ìbéèrè àkọ́kọ́ kí ọjọ́ tó pé. Ìbéèrè àtẹ̀lé ni ẹnikẹ́ni kì í mọ̀, àfi ẹni tí yóò bi í. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé náà ni Ìyá Ìbéèrè ti ń tọ́ tirẹ̀ wò lẹ́nu bí adùn: "Ṣé Mínísítà lè sọ fún Ilé yìí, níbo ni àwọn fúnra wọn ti mọ ohun tí ìrọbí jẹ́?"

Kékeré kò bímọ. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, ó sì ti sunkún pẹ́. Gbogbo Ilé ló mọ̀, àwọn ọ̀tá rẹ̀ pàápàá kò sì jẹ́ fi ẹnu kàn án.

Kí agogo ìpàdé tó lù, Kékeré rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó yára wá bá a.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ikọ́ Màmá ńkọ́?"

"O ò lè pè wọ́n ni? Àbí mínísítà kì í ní fóònù?"

Kékeré rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an jẹ́ ara ohun tó ń bí Ìyá Ìbéèrè nínú. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ju òkò sí i tí kò ní í bọ́ sínú omi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́. Mo ti bá wọn jà lórí ilé ìgbẹ̀bí òdìkejì odò yẹn. Mínísítà ìṣúná ò fẹ́ gbà. Ibi tá a bá a dé ni pé, tí mo bá ṣèlérí nínú Ilé lónìí, tí ẹ sì gbà á, ó parí, kò sẹ́ni tó lè tì í mọ́. Ṣùgbọ́n tí ò bá wọ ìwé lónìí, ọ̀la ni wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n á ti ibẹ̀ pa. Ẹ ṣáà bá mi gbà á."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí n dìde níwájú àwọn oníròyìn, kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Òfin Ilé ni, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

"Mo ti mọ òfin Ilé kí ìwọ tó mọ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀!"

Lóòótọ́ ni ó mọ̀ ọ́n. Bí mínísítà bá ṣèlérí nínú ìdáhùn rẹ̀, ẹni tó bi í ní ìbéèrè lè dìde kí ó wí pé, "Mo gbà á, mo sì dúpẹ́." Lẹ́sẹ̀ kan náà, akọ̀wé Ilé á kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì di dandan fún ìjọba. Ṣùgbọ́n bí ó bá yan ìbéèrè àtẹ̀lé, ẹnu rẹ̀ kò lè gba ìlérí náà mọ́. Aṣòfin mìíràn nìkan ló lè gbà á dípò rẹ̀, àwọn yẹn kì í sì í fẹ́, nítorí bí èèyàn bá gba nǹkan fún àdúgbò ẹlòmíràn, àwọn ará àdúgbò tirẹ̀ á ní tiwọn dà. Ìlérí tí ẹnikẹ́ni kò gbà, ó kú nìyẹn.

Ó wọlé lọ jókòó. Ẹni tó jókòó tì í ni aṣòfin àgbà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Oorun, tí ó máa ń sùn láti àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ títí di àmín ìkẹyìn. Àwọn èèyàn rẹ̀ kò sì yé dìbò fún un. Wọ́n ní ẹni tó ń sùn kò lè jalè.

Wọ́n pe ìbéèrè Ìyá Ìbéèrè, Mínísítà sì dìde dáhùn. Kò ka ìwé, kò sì pariwo. Ó sọ ti odò, ó sọ ti ọkọ̀ ojú omi, ó sọ ti obìnrin orí pákó èbúté, ó ní ìjọba ṣe àṣìṣe. Nígbà tí ó wí pé, "Mo ṣèlérí níwájú Ilé yìí pé a kò ní ti ilé ìgbẹ̀bí náà," wọ́n gbá tábìlì lọ́tùn-ún lósì.

"Ọmọ yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ!" ni aṣòfin kan níwájú wí. "Ta ló kọ́ ọ?"

Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn wo Ìyá Ìbéèrè.

"Aṣòfin ọlọ́lá," ni Abẹnugan wí, "ṣé ẹ gbà á, àbí ẹ ní ìbéèrè àtẹ̀lé?"

Ó dìde. Ó yẹ kí ó sọ pé mo gbà á. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ọmọdé lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìró tábìlì tí wọ́n gbá kò tíì kúrò létí rẹ̀.

"Mo ní ìbéèrè àtẹ̀lé."

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú Ilé. Kékeré kò mira. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bóyá òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀, ó gbé ọwọ́ kan kúrò lórí tábìlì, ó fi bo abẹ́ ikùn rẹ̀.

"Ṣé Mínísítà lè sọ fún Ilé yìí..."

Ìyá Ìbéèrè rí ọwọ́ náà. Olúwa, ni ọkàn rẹ̀ ké, fi ilẹ̀kùn sí ètè mi.

"Ìbéèrè ti tán nínú àpò ni?" ni ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn.

"Ẹ bá wa fún un lómi mu!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ tó là sí ohun tí ó ti ṣe. Ìtìjú àbúrò rẹ̀ ni ó fẹ́ rà, ilé ìgbẹ̀bí àwọn aboyún ni ó sì fi san án. Kò lè gba ìlérí náà mọ́.

"...ṣé Mínísítà lè tún ìlérí wọn sọ," ni ó wí, "kí aṣòfin tó bá fẹ́ gbà á lè gbọ́ ọ dáadáa?"

Ẹ̀rín tún sọ. Irú ìbéèrè wo nìyí lẹ́nu Ìyá Ìbéèrè? Mínísítà mí kanlẹ̀, ó tún un sọ.

"Ta ló gbà á?" ni Abẹnugan bi wọ́n.

Gbogbo wọn ń wo ìwé níwájú wọn.

"Mo tún béèrè, ta ló gbà á?"

Ìyá Ìbéèrè fi ìgúnpá gún Bàbá Oorun lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá, ẹ dìde!"

"Wọ́n ti ṣe àdúrà ìparí?"

"Ẹ dìde, ẹ sọ pé ẹ gbà á."

"Kí ni mo gbà?"

"Ilé ìgbẹ̀bí ni. Ẹ gbà á, Bàbá, nítorí Ọlọ́run!"

"Ìyá Ìbéèrè, ṣé o rí oyún nínú mi ni?" Síbẹ̀ ó dìde, ó di àga mú. "Abẹnugan, mo gbà á, mo sì dúpẹ́. Kí Ọlọ́run sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láyọ̀ o!"

Abẹnugan lu tábìlì, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn oníròyìn ti bo Bàbá Oorun bí eṣinṣin bo oyin. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí," ni ó ń sọ fún wọn. "Mo máa ń di ojú ronú ni." Ìyá Ìbéèrè dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń gbọ́. Òun ló rin èbúté yẹn, òun ló di ìka ọmọ tuntun náà mú, Bàbá Oorun ló sì máa jáde nínú ìwé ìròyìn.

Kékeré wá dúró tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn kọ́ ni ìbéèrè tí ẹ fẹ́ bi mí."

"Rárá."

"Ọ̀rọ̀ ọmọ ni?"

Ìyá Ìbéèrè wolẹ̀. "Òun ni."

"Ó dùn mí," ni Kékeré wí.

"Má bínú, Kékeré."

"Mi ò ní purọ́ fún yín pé mo ti gbàgbé o."

"Mi ò ní kí o gbàgbé. Owú ni. Mò ń jowú ẹ. Bí mo ṣe dúró síbí yìí gan-an, mo ṣì ń jowú ẹ."

"Ẹ wo ẹni tó ń jowú!" Kékeré fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Èmi tí mo máa ń jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín, kí n gba ara mi níyànjú ná, kí n tó lè wọlé síbi tí àwọn ọmọ yín ti ń pariwo."

Ìyá Ìbéèrè yíjú wò ó. Ó ti máa ń rò pé ìgbéraga ni ọkọ̀ dúdú náà fi ń dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà òun.

Onífọ́tò kan já dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mínísítà, ẹ dúró síbẹ̀! Bàbá, ẹ súnmọ́ wọn. Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa yẹra díẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n," ni Kékeré wí.

"Jẹ́ kó yà á," ni Ìyá Ìbéèrè wí. Ó ta á lára, kí a má tan ara wa. Ó ta á lára gan-an ni. Ó na ọwọ́. "Gbé àpò ẹ wá. Kò dáa nínú fọ́tò."

Kékeré gbé e fún un. Ó yẹra, ó padà sẹ́bàá ògiri, iná fọ́tò ń kọ mànà, wọ́n ń pe Mínísítà kí ó wo ọ̀tún, kí ó wo òsì. Àpò náà wúwo. Ó gbé e sí apá kejì, ó sì dúró dè é.