"Wọ́n" Kan Ṣoṣo

"Èèyàn mélòó ló fi ọ́ pamọ́?"

Adájọ́ ló béèrè. Ògbufọ̀, bàbá kan tó ti hewú, ló sọ ọ́ di Yorùbá. Aránṣọ tó sá wá tọrọ ààbò nílẹ̀ àjèjì náà fèsì pé ẹnì kan ṣoṣo ni, ìyá àgbà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù òun.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti di wàhálà. Nínú ìwé tí ọ́fíìsì ìjọba kọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá tọrọ ààbò, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èrò rẹpẹtẹ ló fi í pamọ́. Nígbà tí wọ́n tún bi í lẹ́yìn náà, tó ní ẹnì kan ni, òpùrọ́ ni wọ́n pè é, wọ́n ní kó padà sọ́dọ̀ àwọn tó dáná sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí wọ́n ṣì ń wá a kiri. Ọpẹ́lọpẹ́ òfin ilẹ̀ náà tó ní wọn ò gbọdọ̀ lé ẹni tó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn títí adájọ́ yóò fi gbọ́ tẹnu rẹ̀. Agbẹjọ́rò rẹ̀, obìnrin kan tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, tún tú òfin ọ̀hún wò dáadáa: ẹni tó wá ààbò lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀ tó gbédè, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ bó bá béèrè. Ni wọ́n bá tan ẹ̀rọ.

"Wọ́n fi mí pamọ́ sí yàrá wọn. Wọ́n ń fún mi lóúnjẹ. Wọ́n tún bá mi wá ọkọ̀ tí mo bá lọ."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ògbufọ̀ kó tó rántí pé kóòtù lòun wà. Ó tọrọ àforíjì, ó wá ṣàlàyé pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ò ní pe àgbàlagbà ní "ó" láé. "Wọ́n" ni ìyá àgbà, ì báà jẹ́ òun nìkan ló ń dá gbélé. Ẹni tó ṣe ògbufọ̀ lọ́jọ́sí ò gbé láàárín Yorùbá rí, ló bá sọ ìyá kan di èrò ọjà.

Adájọ́ ní kí ló dé tí aránṣọ ò kàn sọ pé "ó" lọ́jọ́ náà, kó gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ wàhálà.

"Ìyá tí wọ́n gba ẹ̀mí mi là? Ẹnu mi ò gbé e, bàbá. Kódà kí ìjọba tìtorí ẹ̀ lé mi padà."

Adájọ́ kọ̀wé, ó kọ̀wé. Aránṣọ ń fi ìka ṣẹ́ etí aṣọ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rán an. Nígbà tó yá, adájọ́ gbójú sókè, ó ní òun ti wọ́gi lé ìwé àkọ́kọ́ yẹn: aránṣọ ti rí ààbò, kó máa gbé ìlú náà, kó máa ránṣọ rẹ̀ lọ. Inú aránṣọ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi sọ fún wọn pé wọ́n ṣeun."

Ògbufọ̀ wo adájọ́, òun nìkan lórí àga gíga.

"'Wọ́n' mélòó nìyẹn, ọmọ mi?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó sì na ìka kan sókè.