A Ń Wá Aláìsàn Kan

Ní àwọn ọdún tí ẹ̀rọ ìkọ́lé dúró bí igbó lójú ọ̀run Dublin, tí ẹni tó ti ra ilé kan ń wá bí yóò ṣe ra ìkejì, àwọn Yorùbá àdúgbò Hartstown dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọkàn. Ẹgbẹ́ Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni wọ́n pè é. Ẹgbẹ́ náà ní alága, ó ní igbákejì alága, ó ní akọ̀wé, ó ní alukoro, àwọn olùdámọ̀ràn sì pọ̀ débi pé wọ́n ń gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ ara wọn. Ohun kan ṣoṣo ni kò ní: aláìsàn.

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kì í wá. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni gbọ̀ngàn àdúgbò ń kún. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá wọlé, nítorí ẹlòmíì ló ṣe wá.

“Ọ̀rẹ́ mi kan ni kì í rí oorun sùn,” ẹnì kan á wí.

“Arábìnrin kan tí mo mọ̀ ló máa ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì Lucan,” Olúfúnlọ́lá tó jẹ́ alukoro á wí.

Wọ́n á mi orí, wọ́n á káàánú ọ̀rẹ́ yẹn, wọ́n á jẹ mọ́ínmọ́ín, wọ́n á gba ilé lọ. Bí alága bá sì bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?” ẹnu gbogbo wọn á papọ̀: “Alhamdulillahi! A dúpẹ́!” Ìlú wo ni ọ̀rẹ́ gbogbo ènìyàn ti ń ṣàìsàn, tí a kò sì rí ẹyọ ọ̀rẹ́ kan kó yọjú?

Alága wọn ni Dókítà Raheem Ọlánípẹ̀kun. Dókítà eegun ni; orúnkún ló mọ̀, kò mọ ọkàn. Ṣùgbọ́n láàárín àwa Yorùbá, dókítà ni dókítà. Òun ló sọ pé ìtọ́jú àwọn òyìnbó kò bá wa lára mu tó, pé ó yẹ kí ìtọ́jú ní gbòǹgbò nínú àṣà ẹni. Òtítọ́ ni. Àmọ́ nígbà tí dókítà wo inú àṣà wa títí, ẹní ló rí níbẹ̀. Ó kó àga gbọ̀ngàn síta, ó tẹ́ ẹní kalẹ̀, ó to akèrègbè sí igun ògiri, ó ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílẹ̀ yípo. Ó wá lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ògiri, pé ohun tí a bá sọ níbí kì yóò jáde.

“Dókítà,” ni Alhaja Adétutù wí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí ẹní ọ̀hún, “nílé bàbá yín l'Ọ́ffà, orí kí lẹ ń jókòó sí?”

“Orí àga ni, mà.”

“Àga onítìmùtìmù?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kí wá ni mo fi ṣẹ̀ yín?”

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi àga kan ṣoṣo sílẹ̀ fún Alhaja, nítorí orúnkún rẹ̀ méjèèjì kò dára, dókítà fúnra rẹ̀ sì mọ̀. Lórí àga yẹn ló ti ń sọ ti ọ̀rẹ́ tirẹ̀, níbẹ̀ náà ló ti ń gbọ́ ohun gbogbo. Gbogbo ayé mọ Alhaja. Ọ̀rọ̀ tí o bá sọ létí rẹ̀ kí wọ́n tó kírun Àìlà, Ìlọrin yóò ti gbọ́ ọ kí Alásárì tó tó. Kò sí káàdì fóònù tó ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Karimot ló ń po tíì. Tyrrelstown ló ń gbé pẹ̀lú Jamaldeen ọkọ rẹ̀ àti Ihsan, ọmọ wọn tí kò tíì lè jókòó. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn yìí, ó ti pinnu lójú ọ̀nà pé òun yóò la ẹnu òun. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wọlé ni akọ̀wé bi í pé, “Ta lẹ wá ràn lọ́wọ́?” Ọ̀rọ̀ pòórá lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Mo wá bá yín po tíì ni.” Bó ṣe di olùpo-tíì nìyẹn.

Ohun tó gbé wá náà kò sì kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó bímọ, wọ́n kọ̀ láti fún ìyá rẹ̀ ní físà. Kò sí ẹni tó fi omi gbígbóná tẹ ikùn fún un, kò sí ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó ní, “Lọ sùn.” Nọ́ọ̀sì àdúgbò wá, ó bi í bí ara ṣe rí. Karimot dáhùn bó ṣe ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò: “I'm grand,” pé dáadáa lòun wà. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó lọ. Jamaldeen ń ṣe iṣẹ́ ọdẹ ní Lucan, ìdájí ló ń wọlé. “Ka Ayatul Kursiyyu, kó o sùn,” ó wí, òun fúnra rẹ̀ sì sùn. Karimot kà á títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ.

Èyí tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni ti ọwọ́ rẹ̀. Bó bá ń wẹ ọmọ, ọwọ́ méjèèjì a dà bí ọwọ́ ẹlòmíì lójú rẹ̀, ẹ̀rù ohun tí ọwọ́ náà lè ṣe á sì mú un. Á yára gbé ọmọ sórí ibùsùn, á lọ dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀, á di férémù ilẹ̀kùn mú gírígírí títí ọmọ yóò fi sunkún tán. Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Bí ó bá sọ ọ́, ìyá Jamaldeen yóò gbọ́ n'Ílọrin pé wèrè lọmọ òun gbé níyàwó, Ihsan yóò sì di ọmọ wèrè kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Tàbí kí àwọn òyìnbó wá gba ọmọ lọ. Nítorí náà ó ń po tíì.

Àfi bí ìròyìn ṣe dé pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Bríd ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ètò ìlera, láti wá wo bí ẹgbẹ́ ṣe ń tọ́jú ènìyàn. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìjọba yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Inú dókítà kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ló rántí.

“A nílò aláìsàn,” ó wí.

Gbogbo wọn wolẹ̀.

“Eré lásán ni! Ládiípọ̀ akọ̀wé wa, ẹ bá wa ṣe é.”

“Èmi kẹ̀? Mo ní ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fà fọ́kọ. Nínú eré báyìí ni wọ́n ti ń sọni lórúkọ.”

“Olúfúnlọ́lá?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

Ojú wọn ń yí ká títí ó fi bà lé Karimot, tó di kẹ́tùlù mú.

“Ìyá Ihsan kò ní ipò kankan tí yóò bàjẹ́,” ni Ládiípọ̀ wí.

“Ojú rẹ̀ gan-an bá a mu,” ni Olúfúnlọ́lá fi kún un. “Ẹ wò ó bó ṣe rù.”

Karimot gbà. Ó gbé kẹ́tùlù sílẹ̀.

Nígbà tí Sátidé ọ̀hún pé, Karimot tẹ́ Ihsan sùn sí igun gbọ̀ngàn. Bríd jókòó sórí ẹní, ó ń wá ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí. Dókítà sọ̀rọ̀ gùn nípa gbòǹgbò. Ó ní Yorùbá ni aláìsàn yóò sọ, òun yóò sì máa túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó ti kọ́ Karimot kò pọ̀: orí ń fọ́ mi, àárò ilé ń sọ mí, ẹgbẹ́ yìí ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Orí ń fọ́ mi,” ni Karimot wí. Dókítà túmọ̀ rẹ̀. “Àárò ilé ń sọ mí.” Ó túmọ̀ rẹ̀. “Ọwọ́ mi ń bà mí lẹ́rù.”

Dókítà kò túmọ̀ èyí. Karimot kò dúró. Ó sọ ti omi ìwẹ̀, ó sọ ti ọ̀ọ̀dẹ̀, ó sọ bí igbe ọmọ ṣe ń bá a dé orí àdúrà. Omi ojú rẹ̀ ń ro sórí ẹní.

“Áà, ó mọ̀ ọ́n ṣe o!” ni Olúfúnlọ́lá ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Ẹ wo omi ojú! Ẹ wò ó!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Dókítà náà pàtẹ́wọ́, ó ní, “Ó ti tó, Ìyá Ihsan, o ṣeun. O lè dìde.”

“Mi ò tíì parí, sà.”

“Mo ní ó ti tó.”

“Kì í ṣe eré, sà.”

Ládiípọ̀ rẹ́rìn-ín. “Ó ṣì ń ṣe é!”

Kò sí ẹni tó bá a rín in. Àtẹ́wọ́ kú lọ́wọ́ wọn. Karimot gbọ́ tí àga dún lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rò pé Alhaja ń lọ síbi fóònù.

Ṣùgbọ́n Alhaja kò lọ síbì kankan. Ó fi ọwọ́ kan ti ejìká Ládiípọ̀, ó fi ìkejì ti akèrègbè, akèrègbè fọ́, Alhaja sì ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú “yéè” àti “Allahu Akbar”, títí ìdí rẹ̀ fi kan ẹní. Ó mú ọwọ́ Karimot méjèèjì.

“Ṣé àwọn wọ̀nyí ni?”

“Àwọn ni, mà.”

“Wọ́n tutù.” Ó fi wọ́n sábẹ́ abíyá rẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin pamọ́. “Nígbà tí mo bí Láńre, mo tì í mọ́lé, mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Ìyá mi ló wá mi rí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ní kí n sùn, òun wà níbẹ̀.” Ó gbójú sókè. “Ọ̀rẹ́ mi tí mo ń sọ fún yín láti ọjọ́ yìí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi ni.”

Ó wá yí ojú ká gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, kó rántí pé mo mọ̀ yín. Ládiípọ̀, mo mọ bí mọ́tò tuntun yẹn ṣe dé iwájú ilé rẹ. Olúfúnlọ́lá, mo mọ ẹni tó ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì Lucan. Dókítà—”

“Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ mà.”

“Mo ra káàdì tuntun lánàá. Mi ò tíì lò ó.”

Láti ìgbà tí ìwé ńlá ti wà lára ògiri, kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn gba Alhaja gbọ́. Karimot náà gbà á gbọ́.

Olúfúnlọ́lá, pẹ̀lú omi lójú, ló túmọ̀ ohun gbogbo fún Bríd. Obìnrin náà ní dókítà wà fún irú èyí, pé wọn kì í gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó bá wá ìrànlọ́wọ́.

“A ó lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi pẹ̀lú rẹ̀,” ni Alhaja wí. “Ẹ gbé ọmọ wá fún mi. Ìwọ, sùn.”

“Níbí, mà?”

“Ṣé dókítà kò tẹ́ ẹní ni?”

Karimot dùbúlẹ̀. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ti ń hanrun.

Bríd tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà, ó rọra bi í bóyá èyí náà wà lára ètò.

Dókítà Ọlánípẹ̀kun wo ẹní, ó wo àkúfọ́ akèrègbè, ó wo obìnrin tó sùn.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó wí. “Àṣà wa ni.”

“Dókítà,” ni Alhaja wí látorí ilẹ̀, Ihsan lọ́wọ́ rẹ̀, “bí ó bá jí, ẹ wá gbé mi dìde. Orúnkún ṣáà niṣẹ́ yín.”