Ilé Tí Wọ́n Ní Àwọn Ti Bò

Bí Lorene Stidham ṣe gúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, fóònù inú àpò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Èyí kò yà á lẹ́nu. Gbogbo ará àfonífojì Lick Branch ló mọ̀ pé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni fóònù ti ń rí èémí mí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tó kú, kí wọ́n tó wọlé lọ kọrin. Ohun tó yà á lẹ́nu ni ohùn tó gbọ́ nígbà tó gbé fóònù sétí. Nọ́ọ̀sì Pruitt ni, láti ilé ìwòsàn ńlá tó wà nígboro. Ó ní kíndìnrín kan ti wà fún Hobert, ọkọ Lorene, tí tirẹ̀ ti bàjẹ́. Ó ní kí wọ́n pe òun padà kíákíá, nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ènìyàn.

Láti àná ni nọ́ọ̀sì ti sọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Lorene pè é níbẹ̀, nínú ọkọ̀.

“Ẹ má bínú, mà,” ni Nọ́ọ̀sì Pruitt wí. “A pè yín títí. Ẹni tó tẹ̀ lé ọkọ yín lórí ìwé la gbé e fún.”

Lorene pa ẹ́ńjìnì ọkọ̀.

“Ó ku ọ̀rọ̀ kan, mà. Ẹni tí a ò bá lè rí bá sọ̀rọ̀, a máa ń yọ orúkọ ẹ̀ sápá kan ná ni. Mo máa pè yín lọ́jọ́ Ẹtì. Tí ẹ bá gbé e, orúkọ ọkọ yín dúró síbi tó wà.”

“Mo máa wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀.”

“Ṣé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ń sùn ni, mà? Inú ilé yín ni mo fẹ́ bá yín. Kíndìnrín kì í yan àkókò.”

Kì í ṣe pé ilé Stidham kò ní tẹlifóònù rí. Ọ̀kan wà lára ògiri ilé ìdáná láti ayé bàbá Hobert, tí ìjì kò pa lẹ́nu mọ́, tí yìnyín kò sì dí lọ́nà. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ló wá ká wáyà rẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní wáyà ti gbó, pé ayé ti kọjá ibẹ̀, pé fóònù alágbèéká yóò ṣe iṣẹ́ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wáyà yìí kan náà ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Òun náà bá wáyà lọ. Bẹ́ẹ̀ òkè ló ká àfonífojì náà mọ́ yíká. Irin ni òrùlé ilé Stidham, bébà dídán bíi fàdákà ni wọ́n sì tẹ́ sínú ògiri láti fi dènà òtútù. Ohun tó ń dá òtútù padà lẹ́nu ọ̀nà náà ló ń dá ohùn ènìyàn padà.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Lorene wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, ó wa ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n kọ Tanner sí káàdì àyà rẹ̀ fẹ̀yín sí i, ó sì yí kọ̀ǹpútà kọjú sí i.

“Àwòrán ilẹ̀ wa rèé, mà. Ẹ wò ó, gbogbo àdúgbò yín ló pọ́n yìí. Ó túmọ̀ sí pé a ti fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì bò yín.”

“Ẹ ti bò wá?”

“Dáadáa ni, mà.”

“Bí wọ́n ṣe ń bo òkú lẹ bò wá. Ọmọ yìí, o ti dé Lick Branch rí?”

“Rárá, mà.”

“Ta ló wá débẹ̀ tó fi kùn ún?”

“Kọ̀ǹpútà ni, mà.”

“Kọ̀ǹpútà ọ̀hún á gbé ìpè nílé mi lọ́jọ́ Ẹtì nìyẹn.”

Tanner họ irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, ká sọ tòótọ́, ìta gbangba ni àwòrán náà ń sọ, kì í ṣe inú ilé. Lorene bi í bóyá ìta gbangba ni ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Tanner na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé páálí kan kalẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì lágbára ni: ẹ́ríàlì kan fún orí òrùlé, wáyà, àti àpótí kékeré kan fún inú ilé.

“Ẹ̀yin lẹ ká wáyà mi lọ,” ni Lorene wí. “Ẹ tún wá ń ta àtúnṣe ẹ̀ fún mi?”

“Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, mà.”

“Ó dáa. Ibo ni òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín wà, tí n ó kọjú ẹ́ríàlì sí?”

“Wọn kì í jẹ́ ká sọ ọ́, mà. Nítorí ààbò.”

Lorene ra ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń ra pósí. Títí tó fi délé, kò tan rédíò ọkọ̀.

Clovis, àbúrò Hobert, ló gun òrùlé lọ gbé ẹ́ríàlì kalẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Lorene di àkàbà mú. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ wo ojú fóònù.

“Ìyàwó wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé?”

“Kò dé.”

“Ìsinsìnyí ńkọ́?”

“Clovis, kò sí nǹkan kan níbí.”

“Wọ́n tún ti lù yín ní jìbìtì! Àpótí òfìfo ni wọ́n tà fún yín!”

Lorene gbà á gbọ́. Ó ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ti pinnu láti ju páálí náà síwájú Tanner, nígbà tí Hobert sọ̀rọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àná ni wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀; bùláńkẹ́ẹ̀tì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì funfun bí eérú.

“Clovis, ibo lo kọjú ẹ̀ sí?”

“Òkè Black Pine ni! Ibo la bá tún kọjú ẹ̀ sí?”

Hobert bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àìkú. Orí Black Pine ni tẹlifíṣàn ti ń wá láti ayé bàbá wọn. Kò sí ọmọ tó dàgbà ní Lick Branch tí kò gun òrùlé rí lọ yí ẹ́ríàlì síbẹ̀, tí bàbá rẹ̀ ń pariwo láti inú ilé pé àwòrán bọ́ọ̀lù ti funfun bí yìnyín. Fi ọ̀pá lé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lọ́wọ́, Black Pine ni yóò nà án sí.

“Bọ́ọ̀lù lo fẹ́ wò ni?” ni Hobert wí. “Àbí oníwàásù orí tẹlifíṣàn ló máa fún mi ní kíndìnrín?”

Lorene kò rẹ́rìn-ín, nítorí òun náà ló di àkàbà mú, òun náà ló sì gbójú sókè tó ní ibẹ̀ dáa. Ta ló fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa wá òpó bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́? Ó bọ́ síta pẹ̀lú fóònù, ó rìn yí ilé ká, ó ń yíra padà díẹ̀díẹ̀. Ní igun tó kọjú sí odò, ilà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo yọ lójú fóònù. Bó ṣe kẹ̀yìn sí odò, ó pòórá.

“Yí i sọ́nà odò, Clovis!”

“Odò? Kí ló wà lódò?”

“Yí i!”

Ó yí i. Iná pupa tàn lára àpótí. Hobert ní àpótí náà ti sún mọ́ ẹ́ríàlì jù, pé ohùn ń wọlé ó ń jáde, gẹ́gẹ́ bí makirofóònù pásítọ̀ ṣe ń ké nígbà tó bá kọjú sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n gbé àpótí kúrò ní yàrá, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìdáná ní òdìkejì ilé. Iná di àwọ̀ ewé. Ilà mẹ́ta yọ.

“Mo ti fẹ́ sọ odò tẹ́lẹ̀,” ni Clovis wí láti òkè.

“Sọ̀kalẹ̀, ọ̀gá òpó,” ni Hobert wí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kò sí ẹni tó jìnnà sí ilé ìdáná. Nígbà tí fóònù dún, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ó bí ẹni pé ejò ló wọlé. Lorene gbé e.

“Ibo lẹ wà, mà?” ni Nọ́ọ̀sì Pruitt bi í.

“Ilé ìdáná mi. Ẹ̀wà wà lórí iná.”

“Mò ń gbọ́ ẹnì kan tó ń ké halelúyà.”

“Àbúrò ọkọ mi ni. Ó rò pé òun lòun dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.”

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. “Ó dáa, mà. Orúkọ ọkọ yín dúró. Ẹ má jìnnà sí fóònù.”

Hobert fi ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó ṣe, ó fa àwo búrẹ́dì àgbàdo mọ́ra. “Ó parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká jẹun.”

“Kò parí,” ni Lorene wí. “Kíndìnrín tó lọ láìsí ìdí ńkọ́?”

Lorene gbé fóònù tirẹ̀ kalẹ̀ sáàárín tábìlì, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ti Clovis ló gbà, ó sì pe ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin kan gbé e tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó béèrè àdírẹ́sì, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó wá fi ìdùnnú sọ pé àwòrán ilẹ̀ fi hàn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára gan-an níbẹ̀.

“Ó dára lóòótọ́,” ni Lorene wí, ó sì fa àga, ó jókòó. “Jẹ́ kí n sọ bó ṣe dára fún ọ àti ohun tó ná wa. Lẹ́yìn náà wàá pe ọ̀gá rẹ, màá sì sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Má kánjú, ọmọ mi. Inú ilé mi ni mo wà, mi ò sì lọ síbì kankan.”