Lẹ́tà Ẹlẹ́sẹ̀ fún Ilé Bàbá

Kò sẹ́ni tó ń kọ lẹ́tà gàdàgbà ní gbogbo ìlú Ọ̀yẹ́ bíi Kọ́láwọlé. Wo bébà ìsọjí, wo pátákó mọ́ṣáláṣí, wo ara bọ́ọ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì: lẹ́tà rẹ̀ ni, èyí tó ki, tó dúró lórí ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹni tó jẹ iyán yó. Ó máa ń sọ pé lẹ́tà tí kò lẹ́sẹ̀ kò lè dúró lójú títì. Ọkùnrin náà mọṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í gbà pé iṣẹ́ parí.

Nígbà tí Títílọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbọ́ fìnrín-fìnrín pé Emmanuel, ọmọ bàbá wọn, fẹ́ ta ilé bàbá wọn ní Ìsàn lẹ́yìn wọn, ó gun ọ̀kadà wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Kọ́lá, lọ kọ ọ́ sára ulé bàbá wa pé kì í ṣe fún títà. Bó jẹ́ èédú lo fi kọ ọ́, ó tó."

"Èédú kẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ fọkàn balẹ̀. Lẹ́tà tí mo máa kọ síbẹ̀, ẹni tó bá rí i á yí padà."

Ló bá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà àkànṣe ló fẹ́ fi bọlá fún bàbá. Ó fẹ ẹsẹ̀ T, ti L wá dà bíi pé ó rọ. Àmì abẹ́ Ṣ kéré jù. Ó sọ ọ́ di ńlá, ó tún dín in kù. Títílọlá ń pè é, ó ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la. "Ó kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Àfi bíi pé Emmanuel ti ṣèlérí pé òun á dúró dè é.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló tó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà gígùn, tóun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un lọ sí Ìsàn. Wọ́n bá àwọn bíríkìlà tí wọ́n ti wó ògiri iwájú. Alhaji Láwàl, oníkòkó kan láti Ọ̀tùn, ló ra ilé náà.

"Ẹ má bínú," ni Láwàl wí nígbà tó gbọ́ ẹjọ́ wọn. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wá yẹ ara ògiri wò kí n tó sanwó. Ká ní mo rí i tí wọ́n fi èédú lásán kọ nǹkan síbẹ̀, ǹ bá ti bẹ́sẹ̀ mi sọ̀rọ̀."

Ó dun Kọ́láwọlé wọra. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀; gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Láwàl wá rí bébà lábẹ́ apá rẹ̀. "Ta ló ṣe irú lẹ́tà yìí? Ó mà dára o! Ẹ bá mi fi kọ orúkọ mi sára ògiri tuntun."

Títílọlá gba bébà náà lọ́wọ́ Kọ́láwọlé, ó tẹ́ ẹ sórí òkìtì amọ̀ ògiri tí wọ́n wó, ó sì kà á sókè, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ó rẹwà, Kọ́lá," ló wí. Ó ká a, ó dá a padà fún un, ó sì lọ dúró de ọ̀kadà lójú ọ̀nà.