Oyèbísí Ní Òun Ò Mọ Oyin

"Mọ̀mí, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn pé ẹ ò mọ̀ mí?"

Nínú ilé ìtọ́jú ọmọ rẹ̀, Oyèbísí gbé ọmọ ọlọ́mọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí èjìká òsì, ó fi èjìká ọ̀tún há fóònù mọ́ etí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ náà ní mílíìkì ni, ó ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn kó lè gùfẹ̀.

"Ta ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún?"

"Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ nílùú òyìnbó níbí. Wọ́n ní àwọn pè yín ní Túsìdeè. Wọ́n ní obìnrin kan gbé e, ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Oyin Akíntọ́lá, kò bá òun ṣiṣẹ́ rí. Ó bá pa fóònù mọ́ wọn létí."

Oyèbísí dẹ́kun gbígbá ọmọ lẹ́yìn. Ó rántí. Nọ́ńbà gígùn kan tí kò jọ ti Nàìjíríà, obìnrin kan tó ń gba imú sọ̀rọ̀, tó dárúkọ ọmọ òun tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù ló dáhùn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe òun.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun nìkan. Kò pẹ́ tí wọ́n pe ìyàwó Díákónì Dúrójayé ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní New Haven, nílẹ̀ Igbo níbí, wọ́n ní ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Kánádà. Kó tó lajú, gbájú-ẹ̀ ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan tún ní ajínigbé ló ń pè kiri láti mọ ẹni tó lọ́mọ nílùú òyìnbó. Àwọn ìyá ìjọ bá sọ ọ́ di òfin láàárín ara wọn: bí àjèjì bá pè tó dárúkọ ọmọ rẹ, o ò mọ̀ ọ́n rí.

"Oyin, jọ̀ọ́. Mo rò pé gbájú-ẹ̀ ni."

"Mo mọ̀, Mọ̀mí." Ohùn ọmọ náà ti lọ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ fún wọn pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti ṣe ìtọ́jú ọmọ fọ́dún mẹ́ta, àti pé ìyá mi ni yín. Ní báyìí irọ́ ni gbogbo ẹ̀ jọ lójú wọn. Tí wọn ò bá fún mi ní ìwé onígbọ̀wọ́, mi ò lè tọrọ físà iṣẹ́. Físà akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án."

"Tó bá tán ńkọ́?"

"Kí n di ẹrù mi ni."

Oyèbísí tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọmọ lẹ́yìn. Ọmọ èjìká rẹ̀ gùfẹ̀.

"Mo bẹ̀ wọ́n," Oyin ní. "Wọ́n á pè yín lọ́la, aago mọ́kànlá, lórí fídíò. Mọ̀mí, ẹ má bẹ̀rù o."

Kí òun má bẹ̀rù, ó wí. Oyèbísí ò ju ìwé kẹta girama lọ. Ó lè ná ọjà ní èdè Igbo bí ẹni tí wọ́n bí sí Awkunanaw, torí ó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n níbẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti mú un wá láti Òṣogbo. Ṣùgbọ́n kó sọ Gẹ̀ẹ́sì lójú òyìnbó? Ahọ́n rẹ̀ a máa lọ́ pọ̀ ni.

Nígbà tí Chinwe, olùkọ́ kan tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Oyèbísí, wá mú ọmọ lọ́sàn-án, ó rí ojú Oyèbísí.

"Mama Oyin, ọ gịnị? Kí ló dé? Ta ló kú?"

Oyèbísí rojọ́ fún un. Chinwe pòṣé, ó rẹ́rìn-ín.

"This one no hard. Èmi ni màá sọ̀rọ̀. Màá we gèlè, màá jókòó síwájú fóònù, màá ní èmi ni Oyèbísí. Ṣé wọ́n mọ ojú yín ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Oyèbísí débi pé ó ti ń ronú gèlè tí yóò yá a. Ó na rẹ́jísítà sí Chinwe kó fọwọ́ sí i kó tó gbé ọmọ rẹ̀, bí gbogbo òbí ti í ṣe láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Bí Chinwe ti tẹ̀ síwájú láti kọ orúkọ rẹ̀, Oyèbísí kò fi ìwé náà sílẹ̀.

"Chinwe, ṣé o rántí ọjọ́ tí àbúrò rẹ Emeka wá mú ọmọ?"

"Tó ní èmi ni mo rán òun, tí ẹ lé e padà nínú òjò? That day, I wan beat you!"

"Mi ò lè gbé ọmọ fún ẹni tó wá lórúkọ ẹlòmíràn. Báwo ni n ó ṣe wá jẹ́ kí ẹlòmíràn lọ gba tèmi lórúkọ mi?"

Chinwe gba ìwé náà, ó fọwọ́ sí i. "Mama Oyin, Gẹ̀ẹ́sì yín ńkọ́?"

"Bó ṣe wà náà ni n ó sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, kí aago mọ́kànlá tó lù, òógùn ti bo Oyèbísí. Ó fi fóònù ti agolo mílíìkì. Chinwe tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó wá jókòó tì í. Obìnrin òyìnbó náà yọ lójú fóònù, ó kí wọn, kò sì fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Mà, ẹ sọ fún wa ní Túsìdeè pé ẹ ò mọ Oyin."

"Mo purọ́," Oyèbísí fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Chinwe já a léèékánná lábẹ́ tábìlì. Oyèbísí kò dúró. "Ẹ̀rù bà mí. Níbí, olè máa ń pe ìyá, á dárúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹ dárúkọ ọmọ mi, mo gbé e pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹni tí ẹ ò mọ̀ bá wá síbi iṣẹ́ yín, tó ní kí ẹ gbé ọmọ kan fún òun, ṣé ẹ ó gbé e?"

Obìnrin náà mi orí. "Rárá."

"Èmi náà ò gbé e."

Ẹ̀rín kékeré kan yọ lẹ́nu òyìnbó náà kó tó gbé e mì. Oyèbísí ṣí rẹ́jísítà ọdún tí Oyin fi ń ṣiṣẹ́. Ojú ewé dé ojú ewé, orúkọ ọmọ, orúkọ ẹni tó gbé e wá, ìfọwọ́sí Oyin tó gbà á. Ó tọ́ka ibi tí Oyin ti fi bírò pupa kọ ọ́ pé òun ò gbé ọmọ kan fún àjèjì tó wá mú un, títí bàbá rẹ̀ fi dé fúnra rẹ̀, aago méje ìrọ̀lẹ́. Chinwe náà fi orúkọ ara rẹ̀ hàn nínú ìwé, ó ní òun ni òbí tí Oyin gba ọmọ lọ́wọ́ òun fọ́dún méjì. Òyìnbó náà ní kí wọ́n padà sí ibi bírò pupa yẹn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí wọ́n ya fọ́tò àwọn ojú ewé náà ránṣẹ́.

Ìwé onígbọ̀wọ́ dé lọ́jọ́ kẹrin. Oyin kọ̀wé tọrọ físà iṣẹ́ nígbà tí ti akẹ́kọ̀ọ́ ku ọjọ́ mẹ́rin; ó ní níwọ̀n ìgbà tí ìwé òun ti wọlé kí físà àtijọ́ tó kú, kò sẹ́ni tó lè lé òun títí wọn ó fi dáhùn. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún dáhùn. Oyèbísí ka ọ̀sẹ̀ náà bí aláboyún.

Ìpè wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lásìkò tí gbogbo ọmọ ń sùn.

"Mọ̀mí! Wọ́n ti fún mi! Ọdún mẹ́ta gbáko!"

Oyèbísí la ẹnu láti kígbe, ó bá wo ilẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá ló sùn lọ bẹẹrẹ lórí ẹní. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó bọ́ bàtà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín wọn, láìsí ìró kankan, èjìká lókè, ìdí nílẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, Oyin ń rẹ́rìn-ín nínú fóònù.

Ọmọ kan la ojú, ó ń wò ó. Kò sunkún. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Oyèbísí bẹ̀rẹ̀, ó gbé e pọ̀n, ó sì ń jó lọ.