Nọ́mbà Ara Ògiri

Pẹ́ńtà ń fa ọ̀kan tó kẹ́yìn lórí àkàbà nígbà tí Àǹtí Ìṣirò wọ gbọ̀ngàn ilé-ìwé. 100,000,001. Pupa fòò ni wọ́n fi kọ ọ́, nọ́mbà kọ̀ọ̀kan ga ju ènìyàn lọ. Onítáì, olórí ẹ̀ka ìṣirò, dúró nísàlẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún ìyá onílé-ìwé.

"Kò sóhun tó lè pín in láìṣẹ́kù, mà, àfi ọ̀kan àti òun fúnra rẹ̀. Bí ilé-ìwé wa ṣe rí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò lè pín wa."

Àǹtí Ìṣirò kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó kọjá. Òun ló ni ipò olórí ẹ̀ka yẹn tẹ́lẹ̀, kí Onítáì tó lọ sọ sí ìyá onílé-ìwé létí pé ó ń ta ìbéèrè ìdánwò fáwọn òbí. Wọn ò rí ẹ̀rí kankan, síbẹ̀ wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún ẹni tó parọ́. Láti ìgbà náà, àwọn òbí tó ń dá a dúró kí i lójú ọ̀nà ti ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kí pẹ́ńtà tó dé, yàrá àwọn olùkọ́ ni Onítáì ti yẹ nọ́mbà náà wò lójú Àǹtí Ìṣirò. Ó fi méjì pín in, mẹ́ta, márùn-ún, méje, mọ́kànlá, mẹ́tàlá. Gbogbo rẹ̀ ló ṣẹ́kù. Ó nara, ó ní ó ti tó. Mẹ́tàdínlógún ló kàn. Àǹtí Ìṣirò dán an wò nílé, ó sì pín in geere.

Ọkọ rẹ̀ gbà á níyànjú pé kó sọ fún ọkùnrin náà kí ọ̀dà tó gbẹ.

"Ẹ jẹ́ kó gbẹ, Bàbá Ìbejì," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó wọ ògiri lára."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, àwọn òbí kún un fọ́fọ́. Onítáì sọ̀rọ̀ tán, ó béèrè bóyá ẹnì kan ní ìbéèrè. Àǹtí Ìṣirò dìde.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ fi mẹ́tàdínlógún pín in fún wa, káwọn òbí lè rí i."

Onítáì rẹ́rìn-ín, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Wàrà-wàrà ló fi bẹ̀rẹ̀ lójú pátákó, àmọ́ nígbà tó yá ọwọ́ rẹ̀ falẹ̀. Mọ́kànléláàádọ́ta ló kù sí i lọ́wọ́. Mẹ́tàdínlógún wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òdo ló sì kù.

"Wọ́n ti pín wa o," bàbá kan sọ lẹ́yìn, ni gbọ̀ngàn bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá onílé-ìwé nìkan ni kò rín. Ó wo ògiri, ó wo Onítáì, ó wá wo Àǹtí Ìṣirò títí, bí ẹni tó ń ronú nípa ohun mìíràn tí òun ti gbà gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí èrò tú ká, Onítáì wá bá a ní kíláàsì. Ìyá onílé-ìwé ti ní kó tún nọ́mbà náà ṣe kíákíá.

"Àǹtí, ẹ dákun, èwo ló sún mọ́ ọn tí kò ṣe é pín?"

Àǹtí Ìṣirò mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n sọ ọ̀kan ìkẹyìn yẹn di méje péré ni. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni fún pẹ́ńtà.

"Ìbéèrè ìdánwò tí ẹ ní mo tà ńkọ́?"

Onítáì wolẹ̀.

"Ẹ pín in wò fúnra yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí méjì," ó ní, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń nu pátákó.